Bí Wọ́n Ṣe Ń Pe Omi Nílùú Ìyá Àmínátù

Ẹ má bi mí léèrè ọdún, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ogun àwọn òyìnbó ti parí, iyọ̀ ti tún wọ́pọ̀ lọ́jà Èjìgbò, èmi náà sì ti tó ẹni tó ń ru ìkòkò omi bọ̀ láti odò láìjẹ́ kó dà sí mi lára. Ilé aláró ni ilé wa. Kí àwọn ọkùnrin tó ti ìrun àsùbáà dé, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé, ewé èlú là ń gún. Ẹ ó gbọ́ ìyá mi tó ń fi ọ̀pá ro ìkòkò aró, ẹ ó gbọ́ àwọn ewúrẹ́ tó ń jà sí èèpo iṣu, ẹ ó sì gbọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, lórí àpótí rẹ̀ láàárín gbogbo wa, tó ń bú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àṣàkẹ́! Ṣé ẹsẹ̀ yẹn lo máa fi dé odò, àbí o fẹ́ kí odò wá bá ọ nílé ni?" Èmi ni Àṣàkẹ́. Mo ti dé odò lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó fèsì? Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la fi ń ṣínu, ẹni tó bá sì pẹ́ lódò, kó yáa máa fi ìka lá ìsàlẹ̀ igbá.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ aró, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Eérú igi la máa ń kó sínú ìkòkò tí a ti lu ní ìdí, a ó gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, a ó wá da omi lé eérú yẹn. Omi náà á máa kán wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó, tó, tó, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Omi eérú nìyẹn, òun la fi ń rẹ èlú. Lójú, omi lásán ni, àwọ̀ rẹ̀ kàn pọ́n díẹ̀ bí omi odò nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ó ń jó. Bó bá kan ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o ó pariwo. Kí Ìyá Àgbà tó lò ó, á ti ìka kan bọ̀ ọ́, á fi ìka yẹn kan orí ahọ́n, á dijú, á tutọ́ dànù, á wá ní, "Ó ti tó," tàbí, "Kò tíì mú, ẹ bu eérú sí i." Báyẹn ni gbogbo aláró ìlú wa ṣe ń dán an wò. Ojoojúmọ́ la ń rí i tó ń ṣe é, a ò tiẹ̀ kà á sí nǹkan kan mọ́.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà ni wọ́n mú Àmínátù dé. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti wà ní Kòdífúà láti ìgbà tí mi ò tíì gbọ́n, ó fẹ́ ìyàwó kan níbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ gan-an, ìyàwó náà ṣàìsàn, ó kú. Ó wá fi ọmọ tó bí, ọmọ ọdún márùn-ún péré, rán ọkùnrin kan tó ń bọ̀ nílé. Ọkùnrin náà gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù, ó ní Bàbá Kékeré ń bọ̀ nígbà Iléyá, ó mu ẹ̀kọ tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó lọ, bàbá mi ti bi í pé èdè wo lọmọ yìí ń sọ. Ó ní òun ò mọ̀, pé láti Kòdífúà títí dé Èjìgbò, òun kàn ń nawọ́ oúnjẹ sí i ni, ọmọ náà sì ń jẹ ẹ́. Àmínátù dúró láàárín agbo ilé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lórí rẹ̀. Ó wo ẹnu wa, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó tún un sọ. Gbogbo àwa ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹ kórìíra ìyá yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bàbá Kékeré ti rán ọmọkùnrin rẹ̀ kan wá kí i tẹ́lẹ̀, ó lo odidi oṣù kan lọ́dọ̀ wa, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn ń lọ, Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún un títí, ọmọ náà kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Àgbà sunkún lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ọmọ mi ń bí àlejò fún mi." Kò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pàṣẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àmínátù dé, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ohunkóhun tí ọmọ yìí ò bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní Yorùbá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un. Tó bá ti pè é, ẹ fún un kó yó. Kí bàbá rẹ̀ tó dé, á ti máa kí mi kú àárọ̀."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, omi ńkọ́? Oòrùn yìí mà le o."

"Omi gan-an la ó fi bẹ̀rẹ̀. Tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, á yára sọ ọ́. Àṣàkẹ́ ni kó máa di ife mú."

Inú mi dùn, kí n má parọ́ fún yín. Èmi tí wọ́n ń bú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n fi mí ṣe olórí ẹnì kan! Mo máa ń dúró níwájú Àmínátù pẹ̀lú ife tánganran tó kún fún omi tútù láti inú àmù, màá ní, "Sọ ọ́. O-mi." Á nawọ́. Màá gbé ife sókè. Á tún nawọ́, màá ní, "Ẹnu ni mo ní kó o fi sọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́." Kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí a ti fi í rẹ́rìn-ín ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi ń jí ẹ̀kọ pò fún un nínú yàrá, tó sì ṣàn dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ kejì gan-an ni ì bá ti dá kú. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé ife dé ẹnu rẹ̀, mo yí i padà, mo mu omi náà tán lójú rẹ̀, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo rò pé eré ni mò ń ṣe. Ó wo ọ̀fun mi bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, tí èmi náà ń ná ọjà Kòdífúà, kò sí ìlú tí mo wọ̀ lójú ọ̀nà tí mi ò kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe omi. Àwọn Fọ̀n pè é ní sìn, àwọn Éwé ní tsi, àwọn ará Kùmásí ní nsuó. Àwọn tí a jọ ń rìn máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyá olómi ti dé. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn rí pé ìtìjú ló ń dà mí láàmú.

Ọjọ́ kẹrin ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àìlá tán ni, ooru ń bọ̀ láti ilẹ̀, àwọn adìẹ ń la ẹnu lábẹ́ àká. Wọ́n ní kí n wá Àmínátù. Mo rí i lẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó di ahá kékeré kan mú. Mo fẹ́ pè é, ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bẹ ènìyàn, ó ní, "Omi." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Omi." Háà! Ayọ̀ mi ò kéré! Mo yí padà, mo fi eré sí i, mo ń pariwo, "Ìyá Àgbà! Ìyá Àgbà o! Ó ti sọ ọ́! Ó ti sọ ọ́ o!" Mo gbọ́ Ìyá Àgbà tó ń ní "Àlùhàmúdúlílàhì" láti inú ilé. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí ọpọlọ mi tó jí. Àmù wa wà lójúde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí mo dúró sí yìí. Kí ló wà lẹ́yìnkùlé? Mo yí padà sí ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó la ẹnu ni igbe ọmọ náà ta.

Ó ti gbé omi eérú mì. Ẹnu méjì ni a rò pé ó jẹ́, bóyá mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ló ń rí Ìyá Àgbà tó ń fi kan ahọ́n, kí ni ì bá tún rò ju pé mímu ni? Ìyá mi gbé e lé orúnkún, ó ń da epo pupa sí i lẹ́nu, epo ń ṣàn jáde pẹ̀lú itọ́ àti ẹ̀jẹ̀. Ìyá Àgbà dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí. Bàbá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tí a ní nígbà náà. Ọkùnrin tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ wo ọ̀fun rẹ̀, ó fi oògùn kùn ún, ó ní ó bó, ṣùgbọ́n kò lu. Ó ní, "Ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ẹnu kan, ẹnu kan. Tí kò bá mu omi títí di àárọ̀ ọ̀tunla, ẹ má wulẹ̀ gbé e padà wá."

Kò mu ún. Tí a bá ti wí pé, "Àmínátù, mu omi," báyìí ni á di eyín pọ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Orúkọ tí a kọ́ ọ yìí ló fi pe nǹkan tó jó o nínú. Lójú tirẹ̀, a tún fẹ́ fún un ní èyí tó kù. Ìyá mi gbìyànjú láti fi ipá la ẹnu rẹ̀, omi náà pá a lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́, ni bàbá mi bá ní kí ẹnikẹ́ni má tún dán an wò. Òwú tútù la fi ń ra ètè rẹ̀. Ètè náà sì tún ń gbẹ.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé, "Bí a bá pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílùú ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Gbogbo wọn wá kọjú sí mi, pé èmi ni mo sún mọ́ ọn, kí ló sọ lọ́jọ́ tó dé? Mo di orí mú, mo fún un bí ẹni fún aṣọ, mo ní kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo rántí ẹ̀rín tí mo rín, mo rántí ẹni tó tì mí lẹ́yìn nígbà tí mò ń rín in. Ọ̀rọ̀ náà gan-an, mi ò rí i. Mo sunkún débi pé bàbá mi ní kí n dákẹ́.

Ni Ìyá Àgbà bá kó bàtà sẹ́sẹ̀. Ìyá tí kì í jáde nílé lọ́sàn-án, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, èmi ń tẹ̀ lé e. Ó ń kúnlẹ̀ fún àwọn tí ọmọ rẹ̀ pàápàá tó bí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pe omi ní èdè tí ẹ gbọ́?" Àlùfáà wa ní máù ni, pé ó wà nínú Kùránì. Ọkàn Ìyá Àgbà balẹ̀, ó ní èyí kò lè tàsé. A sáré padà, ó gbé igbá sún mọ́ ọmọ náà, ó ní, "Máù." Àmínátù di eyín. A lọ bá Hausa alálùbọ́sà, ó ní ruwa. A dé, a sọ ọ́, ó di eyín. Tíṣà tó ń gbé lẹ́yìn ọjà ní wọ́tà. Ọkùnrin kan tó ti Abíjọ̀n dé fún wa ní méjì, ó ní àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń pè é ní dùló, àwọn oníṣòwò ní jí. Ìyá Àgbà ń kà wọ́n sẹ́nu lójú ọ̀nà kí ó má bàa gbàgbé, máù, ruwa, wọ́tà, dùló, jí, àwọn tó ń kí i lójú ọ̀nà ń rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí a sọ jí, ọmọ náà la ojú díẹ̀, gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ó tún pa á dé. Àyíká ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tí èèyàn bá sì fa awọ ọwọ́ rẹ̀, kì í tètè padà.

Ọkùnrin Abíjọ̀n yẹn ló ní obìnrin kan wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó ta abọ́ fún ọdún púpọ̀ ní Bùàké, ní Kòdífúà lọ́hùn-ún, pé bóyá èdè inú igbó ibẹ̀ lọmọ náà ń sọ. Bàbá mi ò dúró jẹun. Ọjọ́ tí ọkùnrin ilé ìwòsàn dá fún wa ló mọ́ yẹn. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ lọ ní ìdájí, gbogbo wa sì jókòó yí ẹní ká, à ń ka èémí ọmọ náà. Mo ní bó bá kú, èmi ni mo pa á. Mo sọ ọ́ síta. Ìyá mi gbá mi lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó fà mí mọ́ra.

Oòrùn ti ga díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Obìnrin kúkúrú kan, ẹnu rẹ̀ mú, Ìyá Bùàké ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán lórí kẹ̀kẹ́ tó ti ń ní, "Ṣé báyìí lẹ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?"  Ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní, kò gbé igbá, kò gbé nǹkan kan. Ó kàn tẹ̀ sí etí ọmọ náà, ó ní, "Nsúé."

Ojú Àmínátù là gbalaja. Ètè rẹ̀ mì. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀! Òun ni! Òun ló sọ lọ́jọ́ tó dé, lẹ́ẹ̀mejì, tí a fi rẹ́rìn-ín. Ìyá Bùàké tún sọ òmíràn fún un, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ọmọ náà dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ ń họ bí ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta ha ìkòkò, ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dúró mí, ó tún sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìyá Bùàké gbé ojú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

"Kí ló wí?" Ìyá Àgbà béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká fún un lómi ná, Ìyá."

"Mo ní kí ló wí?"

"Ó ń béèrè pé kí ni òun ṣe fún yín."

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan." Ìyá Bùàké sọ ọ́. Ọmọ náà ṣì ń wò wá. "Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó forí jì mí."

Ìyá Bùàké fọwọ́ kan gèlè rẹ̀, ojú tì í. "Ìyá, èdè ọjà ni mo gbọ́. Mo mọ wá, mo mọ lọ, mo mọ jẹun. Bí èèyàn bá kú fún wọn, yàkó ni wọ́n ń wí, bíi kí àwa ní pẹ̀lẹ́. Èyí tí ẹ ní kí n sọ yẹn, mi ò kọ́ ọ. Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí mo fi ní láti bẹ̀ ẹ́."

"Pẹ̀lẹ́ kò tó," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ là ń kí ní pẹ̀lẹ́."

Ó bọ́ gèlè sílẹ̀. Orí rẹ̀ funfun, mi ò mọ̀ pé ó funfun tó bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá mi kígbe pé, "Màámi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Bàbá mi kọjú sí ìta, kò lè wo ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.  Ìyá Àgbà bu omi sínú igbá, ó kọ́kọ́ mu ẹnu kan fúnra rẹ̀, ó gbé e mì kí ọmọ náà rí i, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó ní, "Nsúé." Kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n ó pè é. Àmínátù wo orí funfun yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó di etí igbá mú. Ó mu ẹnu kan, ó fún ojú pọ̀ bó ṣe ń lọ nínú ọ̀fun rẹ̀. Ó tún mu ẹnu kejì.

Ìyá mi ń dúpẹ́, Ìyá Bùàké ń sunkún, gbogbo ilé dàrú. Ní tèmi, mo rò pé ó ti kan èmi náà. Mo bu omi sínú ahá, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, mo sì nà án sí i. Mo pe ọ̀rọ̀ náà, mo pè é dáadáa ju bí Ìyá Àgbà ṣe pè é lọ. Àmínátù wo omi ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì yíjú sí ògiri.